Ìwé Tó Ń Jẹ́rìí Èéfín: Bí Ẹnjiníà Ṣe Ń Gba Ẹ̀dínwó Owó Orí Lórí Afẹ́fẹ́ Kábọ́nì

Ẹni tó bá ń ti Pobẹ̀ lọ sí Kétu yóò gba Onígbólò kọjá, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà. Ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà ló jọ dá a sílẹ̀ ní 1975, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1982. Ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó mìíràn lẹ́yìn ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ ti di SCB-Lafarge, ṣùgbọ́n ohun tó gbé e dé ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí kò yí padà: òkúta ẹfun ni. Òkúta yìí kan náà ló ti abẹ́ ilẹ̀ Tabligbo ní Tógò wá dé Onígbólò, tó sì gba abẹ́ ibodè kọjá lọ sí Ewékorò àti Ṣàgámù. Níbi tó bá ti sún mọ́ òkè, ìléru sìmẹ́ǹtì kì í pẹ́ débẹ̀.

Nínú ìléru yẹn, ohun kan ń ṣẹlẹ̀ tí ojú kì í rí. Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún kílò òkúta ẹfun tí kò lábùlà sínú iná, kílò 56 péré ló máa kù nílẹ̀. Kílò 44 yòókù á gba òkè lọ. Ó ti di afẹ́fẹ́ kábọ́nì, èyí tí àwọn onímọ̀ ń kọ ní CO2. Epo kọ́ ló bí i, inú òkúta ló ti jáde. Fún tọ́ọ̀nù kan klínkà, ìyẹn kókó líle tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ǹtì, ó lé díẹ̀ ní ìdajì tọ́ọ̀nù afẹ́fẹ́ yìí tó ń ti ara òkúta nìkan jáde, kí epo tó ń jó lábẹ́ rẹ̀ tó fi tirẹ̀ kún un. Ẹ lè fi ohun tó mọ́ ju epo lọ dá iná náà, òkúta ò ní gbọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ mímú afẹ́fẹ́ kábọ́nì lẹ́nu ihò èéfín, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí wọ́n sì tì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀, fi wọ ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì lára ju bó ṣe wọ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ.

Wọ́n ti ń ṣe é. Ní 2025, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Brevik ní Norway, ti Heidelberg Materials, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Tọ́ọ̀nù 400,000 lọ́dún ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ wọn fún, nǹkan bí ìdajì gbogbo afẹ́fẹ́ kábọ́nì tó ń jáde níbẹ̀. Ìjọba Norway kó owó ńlá sílẹ̀ fún un. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ gba ọ̀nà owó orí. Abala 45Q nínú òfin owó orí wọn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tí wọ́n tún ṣe ní 2018 àti ní 2022, sọ pé ẹni tó bá mú tọ́ọ̀nù kan afẹ́fẹ́ kábọ́nì tó sì tì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀, wọ́n á yọ dọ́là 85 fún un, fún odindi ọdún 12. Inú owó orí tó yẹ kó san gan-an ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í ṣe inú èrè tí wọ́n fẹ́ bu owó orí lé. Bí ilé-iṣẹ́ tó tó Brevik bá wà ní Amẹ́ríkà, mílíọ̀nù 34 dọ́là lọ́dún nìyẹn. Kékeré ò wọ̀ ọ́: ilé-iṣẹ́ tí kò bá lè mú tó tọ́ọ̀nù 12,500 lọ́dún, kó má wulẹ̀ yọjú.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò sí ní Benin. Ṣùgbọ́n ní ìparí 2024, Norway bá ìjọba Benin fọwọ́ sí àdéhùn kí ó lè máa rà lára èéfín tí Benin bá dín kù, lábẹ́ àdéhùn ojú ọjọ́ ti Paris. Ẹni tó bá ń ra ohun tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, ìwé ni yóò máa béèrè. Ó yẹ kí ọmọ Kétu tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ irú ìwé tí wọ́n ń béèrè níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù, ìyẹn ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀rọ ìmúkábọ́nì lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kí ẹni tó ni ín má gba kọ́bọ̀. Tọ́ọ̀nù tí ìwé jẹ́rìí sí ni ìjọba ń sanwó fún, èyí tí ìwé kò mọ̀, ìjọba náà kò mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹrin 2020, ọ̀gá àwọn olùṣàyẹ̀wò tó ń ṣọ́ iṣẹ́ owó orí ní Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sí aṣòfin Bob Menendez. Ó ní láàárín 2010 sí 2019, asanwó-orí mẹ́wàá péré ló béèrè èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀dínwó yìí, nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là. Nínú bílíọ̀nù yẹn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 894 ni àwọn tó béèrè rẹ̀ kò tẹ̀ lé ìlànà EPA, àjọ tó ń ṣọ́ àyíká, tó ní kí wọ́n kọ ètò bí wọn yóò ṣe máa ṣọ́ afẹ́fẹ́ náà. Nígbà tí lẹ́tà yìí máa fi jáde, IRS, ọ́fíìsì owó orí wọn, ti wọ́gi lé mílíọ̀nù 531 nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe pé wọn ò ti nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ẹ̀sùn ibẹ̀ ni pé ìwé tó yẹ kó ṣíwájú kò sí.

Ìwé àkọ́kọ́ ni ti ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí òfin ní ìkọ́lé gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí 2033 tó wọlé. Kí ni wọ́n ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀? Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ìpìlẹ̀, tí wọ́n ti da kọnkéré tí ẹ̀rọ máa jókòó lé, tàbí tí àwọn tó ń rọ ẹ̀rọ náà níbòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn tí a ti tọwọ́ bọ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣíṣán igbó kò kà, bẹ́ẹ̀ ni gbígbẹ́ ihò láti wo bí ilẹ̀ ṣe rí kò kà. Ẹni tí kò bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn lè fi hàn pé òun ti ná ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tí iṣẹ́ náà máa gbà. Fọ́tò tó ní déètì, rìsíìtì, ìwé ìròyìn ojúmọ́ láti ibi iṣẹ́: ẹnjiníà tó bá dúró di ìgbà tí IRS béèrè kó tó máa wá wọn kiri ti pẹ́ jù.

Àwòrán ló tẹ̀ lé e, èyí ni mo sì fẹ́ràn jù, torí orí rẹ̀ ni ẹnjiníà àti lọ́yà ti ń pàdé. Àwòrán yìí á tẹ̀ lé afẹ́fẹ́ láti ibi tó ti ń kúrò ní ihò èéfín, dé inú ọ̀pá gíga tí oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní amine ti ń gbé e mì, dé inú ìkòkò tí wọ́n ti ń se oògùn náà kó lè pọ ohun tó gbé mì, dé ibi tí wọ́n ti ń gbẹ omi ara rẹ̀, dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹprẹ́sọ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, dé ẹnu páìpù tó máa gbé e lọ. Ohun tó bá wà láàárín ihò èéfín àti ẹnu páìpù yẹn ni òfin ń pè ní ẹ̀rọ ìmúkábọ́nì. Ìléru tó ń sun òkúta kò sí lára rẹ̀. Ìlà tí ẹnjiníà bá fà síbẹ̀ ló ń sọ ẹni tó ni owó, torí láti 2018 ni òfin ti sọ pé ẹni tó ni ẹ̀rọ ìmúkábọ́nì ló ni ẹ̀dínwó, ì báà ṣe òun ló ni ìléru tàbí ẹlòmíràn. Ìlà náà ló ń sọ ọjọ́ tí ọdún 12 bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹni tó bá sì fẹ́ tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe kó lè kà á bí tuntun, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé iye tí irin àtijọ́ tó kù nínú rẹ̀ tó kò ju ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ ò lè ṣírò ìyẹn bí ẹ ò bá mọ irin wo ló wà nínú ìlà àti irin wo ló wà níta.

Ká ní mítà kan ń jẹ́ FT-101 nínú àwòrán. FT-101 náà ló gbọ́dọ̀ wà lára àwo irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn, lórí ìwé tí wọ́n fi rà á, lórí ìwé ìdánwò rẹ̀, àti nínú ìṣirò tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ìparí ọdún. Níbi iṣẹ́ gidi, wọ́n ti lè pààrọ̀ mítà yẹn nígbà ìkọ́lé nítorí pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rà kò bá páìpù mu, kí ẹnikẹ́ni má rántí láti tún àwòrán ṣe. Lójú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sí wàhálà kankan. Lójú olùṣàyẹ̀wò tó dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, mítà tí ìwé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí láyé, èyí tó wà láyé kò sì sí nínú ìwé.

Mítà yìí ni gbogbo owó náà rọ̀ mọ́. Òfin sọ ọ́ ní ṣókí: kí a wọn afẹ́fẹ́ náà níbi tí a ti mú un, kí a sì tún fìdí iye rẹ̀ múlẹ̀ níbi tí a ti tì í mọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ olówùú ní Kétu kò nílò olùkọ́ lórí èyí. Wọ́n á wọn òwú rẹ̀ lọ́jà abúlé, wọ́n á tún wọn ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tó ń ya kóró òwú, bí ìwọ̀n méjèèjì ò bá bára mu, ariwo ti ta. Òwú ṣeé fojú rí, ó sì ṣeé kó padà sórí ìwọ̀n. Afẹ́fẹ́ tó bá ti kọjá lára mítà ti lọ nìyẹn.

Ohun mìíràn ni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ̀, ó sì ń súnkì. Bí ooru bá mú un, àyè tó ń gbà á pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, àyè náà á dín, bẹ́ẹ̀ kílò rẹ̀ kò yí padà. Nítorí náà mítà tó ń ka àyè tí afẹ́fẹ́ gbà kò lè dá ṣiṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń wọn ooru àti ohun tó ń wọn ìtẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ìdánwò tiwọn. Àwọn kan máa ń ra irú mítà tó ń jẹ́ Coriolis: ó ní páìpù kékeré tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀, bí ohun tó ń ṣàn gba inú rẹ̀ ṣe wúwo tó ló ń lọ́ páìpù náà tó, ìlọ́ yẹn ni wọ́n sì ń kà di kílò. Ó wọ́nwó, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹnjiníà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àlàyé. Síbẹ̀ mítà tó dára jù láyé kò mọ ohun tó ń wọn. Nitrogen, oxygen àti omi díẹ̀ máa ń bá afẹ́fẹ́ kábọ́nì rìn, ìjọba ò sì ní sanwó fún wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa bu díẹ̀ yẹ̀ wò, kí wọ́n kọ ìdá tó jẹ́ kábọ́nì gan-an sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹ̀rọ tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó fi ìdá yẹn sọ kílò gbogbo di kílò kábọ́nì.

Bí ìwé ìdánwò mítà ṣe rí nìyí. Yóò ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára mítà náà, ọjọ́ ìdánwò, orúkọ yàrá ìdánwò, ohun tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n àti ẹni tó dán òṣùwọ̀n yẹn fúnra rẹ̀ wò, àṣìṣe mítà nígbà tí nǹkan ń ṣàn díẹ̀, nígbà tó ń ṣàn dé ààbọ̀ àti nígbà tó ń ṣàn kíkún, àti ìbuwọ́lù. Lẹ́yìn èyí ni ìwé mìíràn tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ohun tí wọn yóò ṣe ní wákàtí tí mítà bá kú. Kí mítà tó kú ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́, torí ẹni tó bá wá ọ̀nà láti dí àlàfo lẹ́yìn tó ti mọ iye owó tó so mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Ká ní mítà ilé-iṣẹ́ tó ń mú tọ́ọ̀nù 400,000 ń fi ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Tọ́ọ̀nù 8,000 tí kò sí níbì kankan nìyẹn, dọ́là 680,000 lọ́dọọdún.

Ibi kan wà tí òfin yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Síse oògùn amine ń gba iná púpọ̀, ẹni tó bá sì fi gáàsì dá iná náà ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́nì tuntun sínú ayé bó ṣe ń mú ti àtijọ́. Fún èyí tí wọ́n bá tì mọ́ abẹ́ ilẹ̀, 45Q ń ka ohun tí wọ́n mú, kò yọ ohun tí wọ́n tú jáde níbi tí wọ́n ti ń mú un. Ẹni tó bá fi afẹ́fẹ́ náà ṣe ọjà nìkan ló gbọ́dọ̀ mú ìṣirò wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹni tí kò ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ náà ti yẹ̀ wò. Bí Benin bá fẹ́ kọ òfin tirẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó béèrè ìṣirò yẹn lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ló kù. Kí ẹnikẹ́ni tó ti afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún kànga rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Class VI, kó sì kọ ètò ìṣọ́ tí EPA máa fọwọ́ sí. Wọ́n sábà máa ń wá ibi tó jìn ju 800 mítà lọ, torí níbẹ̀ ni ìtẹ̀ àti ooru ti ń sọ afẹ́fẹ́ kábọ́nì di ohun tó kì bí omi, tí àyè kékeré sì ń gba púpọ̀. Lórí rẹ̀, àpáta tí kò gba nǹkan láàyè gbọ́dọ̀ wà, kó dà bí ìdérí. Ètò ìṣọ́ náà á ya àwòrán ibi tí afẹ́fẹ́ náà lè tàn dé, á ka gbogbo ọ̀nà tó lè gbà jò, ìyẹn kànga àtijọ́, ẹ̀là inú àpáta, ìdérí tó fẹ́lẹ́, á sì sọ bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bó bá jò àti bí wọ́n ṣe máa wọn èyí tó jò.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe ń mí kí wọ́n tó fi ọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ oko ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́nì jáde fúnra rẹ̀. Gbòǹgbò àti ewé tó ń jẹrà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i nígbà òjò. Ẹni tí kò bá wọn ilẹ̀ abẹ́ ọ̀pẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò ṣáájú, bó bá rí kábọ́nì níbẹ̀ lẹ́yìn náà, kò ní mọ̀ bóyá ti kànga ni tàbí ti ewé. Lẹ́yìn tí gbogbo èyí bá wà, ìṣirò ọdọọdún kò le mọ́: iye tí wọ́n tì sísàlẹ̀, kí wọ́n yọ iye tó padà wá sókè, iye tó jò lójú ilẹ̀ àti iye tó jò lára ẹ̀rọ.

Ní Decatur, ìpínlẹ̀ Illinois, ilé-iṣẹ́ ADM ti ń ti afẹ́fẹ́ kábọ́nì tó ń wá láti inú ọtí ethanol mọ́lẹ̀ lábẹ́ àṣẹ Class VI tipẹ́. Ní 2024, wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú àwọn kànga ìṣọ́ ti jẹ́ kí ohun tí wọ́n tì mọ́lẹ̀ ṣàn lọ sí ibi tí kò sí nínú àṣẹ, EPA fẹ̀sùn kàn wọ́n, ilé-iṣẹ́ náà sì dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà kan. Ẹ kíyè sí i pé kànga tí wọ́n gbẹ́ láti fi ṣọ́ ìjò gan-an ló gbà jò. Àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ náà ti epo rọ̀bì jáde ní ọ̀nà mìíràn, ìlànà ISO 27916, tí ẹnjiníà tàbí onímọ̀ ilẹ̀ tó dá dúró máa ń fọwọ́ sí lọ́dọọdún, ìjìyà òfin sì wà fún un bó bá purọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, EPA dábàá láti fòpin sí púpọ̀ nínú ètò ìròyìn èéfín wọn, títí kan apá tí ètò ìṣọ́ yìí wà nínú rẹ̀, ni àwọn tó ń retí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí wọ́n máa mú ìwé lọ.

Ìwé owó iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Dọ́là 17 ni iye tí òfin kọ́kọ́ dá fún tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó bá fi hàn pé òun san owó tó tọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́ ọ, tó sì gba àwọn ọmọ-iṣẹ́ síbẹ̀, ló ń gba ìlọ́po márùn-ún, tó fi di 85. Àkọsílẹ̀ owó ọ̀sẹ̀ àwọn tó ń jó irin pọ̀ lè níyelórí ju àwòrán kọ̀ǹprẹ́sọ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ ló ń parí sínú fọ́ọ̀mù 8933, tí ẹni tó mú afẹ́fẹ́ àti ẹni tó tì í mọ́lẹ̀ á jọ jẹ́rìí sí i kí iye wọn bára mu. Bí ó bá jò láàárín ọdún mẹ́ta, IRS lè gba owó rẹ̀ padà.

Onígbólò wá ńkọ́? Ìléru wà níbẹ̀, ilẹ̀ tó lè gba afẹ́fẹ́ náà ni ọ̀rọ̀. Lápá Kétu, àpáta líle kò jìn sí ojú ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lápá òkun, ni yanrìn àti amọ̀ ayé àtijọ́ ti nípọn. Ibi tí ọkàn ẹnjiníà máa kọ́kọ́ lọ ni Sèmè, tó ju ọgọ́rin kìlómítà lọ sí Onígbólò, níbi tí wọ́n ti rí epo rọ̀bì lábẹ́ òkun ní 1968, tí Saga Petroleum ti Norway bá wọn gbé e dìde, tí wọ́n sì fà á láti 1982 títí di 1998. Àpáta tó ti di epo mú fún ọdún gbọọrọ lè di afẹ́fẹ́ mú. Ṣùgbọ́n kànga tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀ nígbà náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n sì máa ń fi dí irú kànga bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kábọ́nì bá pàdé omi, ó ń kan, ìkan yẹn sì ń jẹ sìmẹ́ǹtì díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè iye tí ẹ̀rọ ìmúkábọ́nì ń ná wọn, ìwé kànga Sèmè ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó, irin tó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dí i, irú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi dí i, àti ẹni tó fọwọ́ sí i.